Àwọn Mẹ́wàá Tí Ó Sọ̀ Kalẹ̀ Lójú Odò Colorado

Ìrìn-àjò lójú odò pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ jẹ́ ohun tí ó dùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́dọọdún lójú odò Colorado, níbi tí ó ti gba inú àfonífojì ńlá nì kọjá tí a ń pè ní Grand Canyon. Àwọn mìíràn a máa wọ ọkọ̀ rọ́bà tí a fi afẹ́fẹ́ kún. Àwọn mìíràn a sì máa jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan nínú káyáàkì, ọkọ̀ tín-ín-rín tí a ń fi àjẹ̀ olójú méjì wà. Ọ̀dọ̀ àwọn Inuit, tí ń gbé ní ìhà àríwá ayé níbi tí omi ti ń dì, ni a ti kọ́ ọkọ̀ yìí. Awọ ẹran ni wọ́n fi ń bò ó, wọn a sì máa fi í ṣe ọdẹ lójú òkun. Ní ọ̀sán, àwọn arìnrìn-àjò a wa ọkọ̀. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, wọn a gúnlẹ̀ sí orí iyanrìn, wọn a se oúnjẹ, wọn a sì sùn sábẹ́ ìràwọ̀. Báyìí ni wọn a máa ṣe fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ́kọ́ gba odò yìí kọjá tí wọ́n sì kọ ìrìn wọn sílẹ̀ lójoojúmọ́, eré kọ́ ni wọ́n bá lọ. Ọkùnrin mẹ́wàá ni wọ́n, ọdún 1869 sì ni wọ́n lọ. Mẹ́wàá ni ó gbéra. Mẹ́fà péré ni ó bá ọkọ̀ dé òpin. A mú ìtàn wọn wá síwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe nítorí ìgboyà tí ó wà nínú rẹ̀ nìkan, bí kò ṣe nítorí ìbéèrè kan tí ó fi sílẹ̀ fún wa: báwo ni ó ti yẹ kí ìtàn ṣe ìdájọ́ ẹni tí ó yà kúrò lẹ́gbẹ́ nígbà tí ó ku díẹ̀ kí a dé ibi tí à ń lọ?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí odò náà ti rí. Láti orí àwọn òkè gíga tí a ń pè ní Rocky ni Colorado ti ń ṣàn wá, ó sì ń lọ sí ìhà gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn. Odò Green, tí ó ti ìpínlẹ̀ Wyoming wá, ni ó tóbi jùlọ nínú àwọn odò tí ó dà sínú rẹ̀. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni omi yìí ti ń gé àpáta, tí ó fi jẹ́ pé ní Grand Canyon, ògiri òkúta tí ó wà ní apá ọ̀tún àti apá òsì ga ju máìlì kan lọ, gígùn àfonífojì náà sì tó máìlì 277. Níbi tí òkúta bá ti wó sínú odò, omi a máa ru, a máa hó, a sì máa sáré láàárín àpáta bí ẹni tí ogun ń lé. Àwọn ọmọ onílẹ̀, bí àwọn Ute, àwọn Paiute, àwọn Hualapai àti àwọn Havasupai, ti mọ àfonífojì yìí láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán ilẹ̀ tí àwọn aláwọ̀ funfun ní lọ́wọ́ nígbà náà, òfìfo ni apá ibẹ̀ wà.

Ẹni tí ó fẹ́ kún òfìfo yìí ni John Wesley Powell. Ní ọdún 1834 ni a bí i ní ìpínlẹ̀ New York. Oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni baba rẹ̀, ìdí sì nìyí tí a fi sọ ọmọ náà ní orúkọ John Wesley. Olùkọ́ ilé-ìwé ni Powell í ṣe ní ìgbà èwe rẹ̀. Ní ọdún 1856, ó dá nìkan wa ọkọ̀ kékeré sọ̀ kalẹ̀ lójú odò Mississippi títí dé òkun. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó lọ sójú ogun. Ní ọdún 1862, ní ìjà Shiloh, ọta ìbọn bà á ní apá ọ̀tún, a sì gé apá náà. Síbẹ̀ ó padà sínú ogun, ó sì di ọ̀gágun. Lẹ́yìn ogun, ó tún di olùkọ́, ó ń kọ́ni ní ìmọ̀ nípa òkúta àti ilẹ̀. Ọkùnrin alápá kan yìí ni ó sọ pé òun yóò gba inú odò tí ń ru láàárín àpáta kọjá.

Àwọn tí ó kó jọ kì í ṣe ọlọ́kọ̀ àtayébáyé. Walter, àbúrò rẹ̀, ti ṣe ẹlẹ́wọ̀n ogun, ìyà tí ó jẹ níbẹ̀ kò sì tán lára rẹ̀. Jack Sumner àti William Dunn jẹ́ ọdẹ. Oramel Howland ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé. Òun ni a fi iṣẹ́ yíya àwòrán ilẹ̀ lé lọ́wọ́, àbúrò rẹ̀ Seneca sì bá a lọ. George Bradley jẹ́ ọmọ-ogun tí ó fẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ogun. William Hawkins ni alásè wọn. Andrew Hall jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Scotland, ọ̀dọ́mọdé tí ó máa ń pa gbogbo ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ẹni kẹwàá ni Frank Goodman, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ mẹ́rin ni Powell kàn ní ìlú Chicago: mẹ́ta jẹ́ ti igi líle, ẹsẹ̀ bàtà 21 ní gígùn; ìkẹrin kéré, ó sì fẹ́rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 16. Èyí tí ó kéré yìí ni Powell fúnra rẹ̀ ń wọ̀, orúkọ aya rẹ̀, Emma Dean, ni ó sì fi pè é. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin gbé gbogbo rẹ̀ dé Green River ní Wyoming, ní oṣù kan náà tí ojú irin tí ó so ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà mọ́ ìwọ̀-oòrùn parí. Wọ́n kó oúnjẹ tí wọ́n rò pé yóò tó wọn fún oṣù mẹ́wàá, wọ́n sì tú ọkọ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 1869.

Òfin tí Powell fi lélẹ̀ kò ṣòro. Ọkọ̀ kékeré ni yóò máa ṣíwájú. Bí ó bá rí ibi tí omi ti ń ru jù, yóò fi àsíá ṣe àmì, àwọn yòókù yóò sì gúnlẹ̀. Nígbà náà ni wọn yóò wò ó bóyá wọ́n lè wa ọkọ̀ gba ibẹ̀, tàbí kí wọ́n fi okùn sọ ọkọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ létí odò, kí wọ́n sì ru ẹrù kọjá lórí òkúta. Àwọn àgbà wa wí pé òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Powell kò gbọ́ òwe yìí rí, ṣùgbọ́n òun ni ó fi ṣe òfin ìrìn rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìpọ́njú fi dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, ọkọ̀ tí ó gbé àwọn Howland méjèèjì àti Goodman kò lè gúnlẹ̀ lákòókò. Omi gbé e, ó sọ ọ́ mọ́ àpáta, ọkọ̀ sì ya sí méjì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rọ́ mọ́ erékùṣù kékeré kan láàárín odò, Sumner ni ó sì wa ọkọ̀ kékeré lọ gbà wọ́n là. Ẹ̀mí kò ṣòfò, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ wọn bá omi lọ. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ láti fi mọ bí ilẹ̀ ti ga tó wà nínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú. Ní ọjọ́ kejì, àwọn tí ó lọ wá wọn nínú ọkọ̀ fífọ́ náà hó fún ayọ̀. Inú Powell dùn pé àwọn ènìyàn òun fẹ́ràn ìmọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dé etí odò ni ó tó mọ̀ pé wọ́n rí àgbá ọtí kan pẹ̀lú, èyí tí wọ́n ti fi pamọ́ fún un.

Ìgbé-ayé wọn ní ibùdó kò rọrùn. Ní alẹ́ kan, atẹ́gùn gbé iná mọ́ igbó tí wọ́n pàgọ́ sí. Gbogbo wọn sáré wọ ọkọ̀, Hawkins alásè sì ṣubú sómi pẹ̀lú ìkòkò àti àwo tí ó gbé lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, ohun èlò oúnjẹ wọn kù díẹ̀. Ní ọjọ́ mìíràn, Powell ń gun ògiri àpáta pẹ̀lú Bradley láti wo ilẹ̀ yíká. Ó dé ibi tí kò lè gòkè mọ́, tí kò sì lè sọ̀. Ọwọ́ kan ṣoṣo tí ó ní ni ó fi di àpáta mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n. Bradley wà lókè rẹ̀, kò ní okùn, kò sì rí igi nítòsí. Ó bọ́ ṣòkòtò rẹ̀ ti abẹ́, ó sọ ọ́ sílẹ̀. Powell fi àpáta sílẹ̀, ó gbá ṣòkòtò náà mú, Bradley sì fà á gòkè. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan níhìn-ín tí ó yẹ kí olùkọ́ ìtàn fi kọ́ àwọn ọmọ. Powell kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé rẹ̀. Bradley pẹ̀lú kọ ọ́ sínú ìwé tí ó ń kọ ní ìkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ àti ibi tí olúkúlùkù wọn sọ pé ó ti ṣẹlẹ̀ kò dọ́gba. Ẹlẹ́rìí méjì ni wọ́n, wọ́n kò sì parọ́ pé ó ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, a ní láti fi ọ̀rọ̀ ọ̀kan wo ti èkejì.

Ní oṣù keje, nígbà tí wọ́n dé ẹ̀bá ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó wà láàárín àwọn Ute, Goodman sọ pé ewu tí òun ti rí tó, ó sì fi wọ́n sílẹ̀. Ní àkókò kan náà, ìwé ìròyìn ní Amẹ́ríkà ń gbé e kiri pé gbogbo wọn ti kú sómi, nítorí ọkùnrin kan tí kò bá wọn lọ rárá sọ pé òun nìkan ni ó yè. Aya Powell ni ó fi ọjọ́ tí ó wà lórí lẹ́tà ọkọ rẹ̀ tú irọ́ náà fó.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n dé ibi tí odò Green ti pàdé Colorado. Wọ́n sinmi fún ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n tú àpò ìyẹ̀fun, wọ́n rí i pé omi ti bà á jẹ́; wọ́n fi àwọ̀n ẹ̀fọn jọ̀ ọ́, wọ́n sì da èyí tí kò dára mọ́ nù. Ẹran tí wọ́n fi iyọ̀ sí bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Nígbà tí ó di àárín oṣù kẹjọ, wọ́n ti wà nínú ikùn Grand Canyon, òjò sì ń pa wọ́n tọ̀sán tòru. Wọn kò ní aṣọ ìbora tí ó tó, ohun tí wọ́n fi ń mú búrẹ́dì wú sì ti bọ́ sódò. Ìyẹ̀fun tí ó ń bu, ápù gbígbẹ díẹ̀ àti kọfí ni ó kù. Wọn kò mọ bí odò tí ó wà níwájú ti gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni ògiri òkúta kò fi ọ̀nà àbáyọ hàn wọ́n.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ, wọ́n dé ibi omi ríru kan tí ó burú ju gbogbo èyí tí wọ́n ti rí lọ. Àpáta dí etí odò ní ìhà méjèèjì, kò sì sí ibi tí wọn yóò dúró sí fi okùn sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, Oramel Howland pe Powell sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wí fún un pé òun, àbúrò òun àti Dunn kò ní lọ mọ́. Ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí gbogbo wọn fi odò sílẹ̀, kí wọ́n gba àfonífojì kékeré tí ó wà níbẹ̀ gòkè lọ, kí wọ́n sì wá ibùgbé àwọn Mọ́mọ́nì kiri. Powell wo ìràwọ̀, ó ṣe ìṣirò, ó sì rí i pé ẹnu odò Virgin, níbi tí àwọn ènìyàn wà, kò ju máìlì 45 lọ bí ẹyẹ bá fò ó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà odò yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Ó jí Howland, ó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí iyanrìn, ó sì fi í hàn án. Howland padà lọ sùn, ṣùgbọ́n Powell kò sùn. Títí ilẹ̀ fi mọ́ ni ó ń rìn síwá sẹ́yìn lórí iyanrìn. Ó jí àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní àwọn yóò bá a lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 28, wọ́n pín. Àwọn mẹ́ta náà gba ìbọn, ṣùgbọ́n wọn kò gbà kí a pín ìyẹ̀fun fún wọn, nítorí wọ́n gbà pé àwọn yóò rí ẹran pa. Hawkins ṣe búrẹ́dì, ó sì fi í sílẹ̀ fún wọn. Powell fi lẹ́tà tí ó kọ sí aya rẹ̀ rán Howland. Sumner fi aago rẹ̀ rán an sí arábìnrin rẹ̀, bí òun bá kú sínú odò. Ẹ kíyè sí i: ẹni tí ń lọ sínú omi gbà pé ikú wà níwájú òun, ẹni tí ń gòkè lọ ni yóò yè. Àwọn tí ń gòkè pẹ̀lú gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń bẹ àwọn ti odò pé kí wọ́n má lọ. Àwọn mìíràn nínú wọn sunkún. Wọ́n fi ọkọ̀ Emma Dean sílẹ̀ létí odò, nítorí ọkọ̀ méjì tó fún ènìyàn mẹ́fà. Àwọn mẹ́fà náà tú ọkọ̀, wọ́n sì gba inú omi náà kọjá láìséwu. Wọ́n yin ìbọn láti sọ fún àwọn ará wọn pé ọ̀nà ṣeé gbà, wọ́n sì dúró dè wọ́n. Ẹnikẹ́ni kò wá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n jáde kúrò nínú Grand Canyon. Ní ọjọ́ 30, wọ́n dé ẹnu odò Virgin, wọ́n bá àwọn Mọ́mọ́nì tí ń fi àwọ̀n pa ẹja, àwọn tí a ti ní kí wọ́n máa ṣọ́ odò bóyá wọn yóò rí àfọ́kù ọkọ̀ Powell. Ọjọ́ méjì péré ni ó wà láàárín ìpínyà àti ìgbàlà. Àwọn mẹ́ta tí ó gòkè kò dé ilé mọ́. Ní ọdún 1870, nígbà tí Powell padà lọ sí agbègbè náà, àwọn Paiute tí a ń pè ní Shivwits sọ fún un pé àwọn ni ó pa wọ́n, nítorí wọ́n ṣì wọ́n mú fún àwọn aláwọ̀ funfun kan tí ó ṣe obìnrin Hualapai kan ní ibi. Àwọn mìíràn lẹ́yìn náà sọ pé àwọn Mọ́mọ́nì ni ó pa wọ́n. Títí di òní, àwọn òpìtàn kò tíì fi ohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀.

Ní ti Powell, orúkọ rẹ̀ kàn káàkiri. Ó tún gba odò náà ní ọdún 1871 àti 1872 pẹ̀lú àwọn mìíràn. Láti ọdún 1881 títí dé 1894, òun ni olórí iṣẹ́ ìwádìí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó kú ní ọdún 1902. Nígbà tí a gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún un ní bèbè Grand Canyon, èyí tí a yà sí mímọ́ ní ọdún 1918, a kọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n a fo orúkọ Oramel Howland, Seneca Howland àti William Dunn dá. Wọ́n ní ìsáǹsá ni wọ́n.

Àwa kò gbà pé ìdájọ́ yìí tọ́. Àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ti fi ọjọ́ tí ó lé ní àádọ́rùn-ún wa ọkọ̀ nínú omi ríru. Wọn kò sá lóru, wọn kò jí oúnjẹ kó, wọn kò sì fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún olórí wọn. Ojúkojú ni wọ́n bá a sọ ọ́. Nígbà tí Sumner àti Hawkins darúgbó, wọ́n sọ pé ìjà ti wà láàárín Powell àti Dunn kí ọjọ́ náà tó dé, ohun tí kò sí nínú ìwé Powell. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀ tàbí bí kò rí bẹ́ẹ̀, ohun kan dájú: ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́sàn-án kò mọ̀ pé omi burúkú náà kù díẹ̀ kí ó tán. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Bí odò bá ti gbé àwọn mẹ́fà lọ, àwọn mẹ́ta ni à bá máa pè ní ọlọ́gbọ́n lónìí, àwọn mẹ́fà ni à bá sì máa pè ní olóríkunkun. Ẹni tí ó ń ka ìtàn mọ òpin rẹ̀. Ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ ṣe ìdájọ́ ènìyàn, ohun tí ó mọ̀ ní ọjọ́ náà ni kí a fi dá a lẹ́jọ́, kì í ṣe ohun tí àwa mọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí kò bu ọlá àwọn mẹ́fà kù. Ọlá tí ó tọ́ sí ẹni tí ó forí tì í tóbi, a kò sì gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wí pé ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ìpínyà kì í ṣe ọ̀tá ọ̀rẹ́ nígbà gbogbo. Ohun tí ó ń ba ọ̀rẹ́ jẹ́ ni kí a fi ìbínú pínyà, tàbí kí a fi orúkọ ẹni tí ó lọ ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn mẹ́sàn-án yìí pín búrẹ́dì, wọ́n pín ìbọn, wọ́n fi lẹ́tà rán ara wọn, wọ́n sì sunkún. Àwọn tí ó gbé òkúta kalẹ̀ ní ọdún 1918 kò sí níbẹ̀. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ mọ irú ọ̀rẹ́ tí àwọn pàdánù.

Ọdún púpọ̀ ti kọjá láti ìgbà náà. Ní ọdún 1938, ará Faransé mẹ́ta, tọkọtaya kan tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n gbéyàwó àti ọ̀rẹ́ wọn kan, kó káyáàkì wọn dé Green River ní Wyoming, ibi tí Powell ti gbéra, wọ́n sì wà á sọ̀ kalẹ̀ títí wọ́n fi dé Lees Ferry, ní ẹnu Grand Canyon. Láti ọdún 1963, odi ńlá tí a mọ sí Glen Canyon ni ó ń dá omi odò dúró. Omi pupa tí Powell mọ̀ ti di omi títutù tí ó mọ́ gaara nísàlẹ̀ odi náà. Odi mìíràn tí a ń pè ní Hoover, tí a parí ṣáájú èyí, mú kí adágún Mead kún padà sẹ́yìn, ó sì bo ibi omi ríru tí wọ́n ti pínyà náà mọ́lẹ̀. Orúkọ ibẹ̀ ni Separation, èyí ni Ìpínyà. Ní ọdún 1939, a fi àwo irin kan sí ara àpáta ní ibẹ̀, tí ó ní orúkọ àwọn mẹ́ta náà.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn àwọn tí ó la ọ̀nà, ẹ ka orúkọ gbogbo wọn pé, àti ti ẹni tí ó dé àti ti ẹni tí kò dé. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé pẹ̀lú, bí ẹgbẹ́ yín bá pọ̀ lónìí tí ọ̀kan sì gba ọ̀nà mìíràn lọ́la, ẹ bi í léèrè ohun tí ó rí kí ẹ tó pè é ní ojo. Bí ó bá ń lọ, kí ẹ fún un ní búrẹ́dì dání.